Ìdí Tí Géèmù Orí Ayélujára Fi Ń Há Lọ́jọ́ Tí Àfikún Rẹ̀ Bá Jáde

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Ìgbòho níbí ní Òkè-Ògùn ti rí irú rẹ̀ rí. Ilé-iṣẹ́ tó ni géèmù kan ti ń polówó láti ọjọ́ pípẹ́ pé apá tuntun ń bọ̀: ìlú tuntun, ohun ìjà tuntun, ìtàn tuntun. Ọ̀dọ́ náà ra dátà, tí owó rẹ̀ fò sókè lẹ́yìn tí àjọ NCC, tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, gba àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láyè lóṣù Kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Ó fi òru dáúnlóòdù rẹ̀, torí òru ni nẹ́tíwọ̀kì máa ń fúyẹ́. Ó rí i pé bátìrì kún kí wọ́n tó mú iná lọ. Àsìkò tó, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ohun tó rí lójú fóònù ni pé èrò ti pọ̀ jù, kó ní sùúrù. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ibì kan náà ló wà.

Inú á bí i, ó sì tọ́ kí inú bí i. Owó ló ná, àkókò ló yà sọ́tọ̀. Àwọn àgbà tó ń wò ó láti ẹ̀yìn lè máa sọ pé géèmù lásán ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọjà tí wọn kò gbé e fún un, ọjà ló rà, ohun yòówù kí ọjà náà jẹ́. Ibi tí mo ti ní àtakò ni ẹ̀sùn tí a máa ń fà yọ. A ní nẹ́tíwọ̀kì wa ni kò dáa. A ní fóònù ti gbó. A ní wọ́n ti dínà mọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà. A ní ilé-iṣẹ́ náà ti ta kọjá agbára rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyí, ìkẹyìn yẹn nìkan ló sábà máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun náà sì ní àlàyé tirẹ̀.

Kí ni sáfà, kí ni àfikún?

Sáfà ni kọ̀ǹpútà alágbára tí ilé-iṣẹ́ gbé kalẹ̀ síbì kan láti máa dá fóònù àti kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà lóhùn. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló nílò rẹ̀. Bí ẹni méjì bá jókòó sídìí PlayStation ní ṣọ́ọ̀bù géèmù àdúgbò tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, inú ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìsẹ́yìn bá ń bá ọmọ Brazil jagun lórí ayélujára, ta ni yóò sọ ẹni tó kọ́kọ́ yìnbọn? Fóònù ọmọ Ìsẹ́yìn kò lè ṣe é, torí yóò gbè sẹ́yìn ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ Brazil. Sáfà ló ń gba ìròyìn lẹ́nu àwọn méjèèjì, tó ń pinnu, tó sì ń dá èsì padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Sáfà yìí náà ló ń tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ ti kó jọ nínú géèmù náà láti ọdún wọ̀nyí wá.

Àfikún ni apá tuntun tí wọ́n so mọ́ géèmù tó ti wà tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ lásán, àwọn tó ń gbá géèmù kan kì í pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ń gbá a láàárọ̀, ẹlòmíì di alẹ́, ẹlòmíì sì ti fi í sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọjọ́ tí àfikún bá jáde, àwọn tó ti lọ padà dé, àwọn tí kò gbá a rí dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn sì fẹ́ wọlé ní wákàtí kan náà. Kò sí ọjọ́ mìíràn láàárín ọdún tó rí báyìí.

Ẹ̀rọ ata nígbà tí Iléyá ku ọ̀la

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ ata nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí kan náà ló ń lọ ata fún àdúgbò láti ọdún yìí wá, tí ìyá ẹlẹ́rọ máa ń jókòó láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò rí ẹni wá. Lọ́jọ́ yìí, abọ́ ata tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé ojú títì. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Bó ṣe ń lọ ata lánàá náà ló ń lọ ọ́ lónìí. Bí ìyá ẹlẹ́rọ bá tìtorí ariwo da abọ́ mẹ́wàá sẹ́nu rẹ̀ pa pọ̀, ẹ̀rọ yóò há, yóò kú, àní ẹni tó ti kàn kò ní rí ata gbé lọ. Ìlà tó ní kí wọ́n tò ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ dúró.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlà tó ń jáde lójú fóònù lọ́jọ́ àfikún. Àwọn tó kọ géèmù náà mọ iye ẹni tí sáfà kan lè gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n fi ìlà síwájú rẹ̀ kí àwọn tó ti wọlé lè máa gbá géèmù wọn nírọ̀rùn. Yàtọ̀ sí ìlà yìí, kíkọ̀ kan tún wà tó yẹ ká yà sọ́tọ̀. Bí àgbàlá ìyá ẹlẹ́rọ bá kún débi tí kò sí ibi tí abọ́ tún lè gbà, yóò ní kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà padà lọ, kí wọ́n wá tó bá yá. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ sí lórí ìlà rárá. Nínú géèmù, ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà lórí ìlà ti wà nínú àgbàlá. Ẹni tó rí àṣìṣe, tí kò sì rí nọ́ńbà ìlà gbà, ṣì wà ní títì.

Àwọn èèyàn kì í mọ̀ pé wíwọlé gan-an ló sábà máa ń dá sáfà lágara ju gbígbá géèmù lọ. Bí ẹ bá tẹ ojú ìwọlé, sáfà yóò yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé yín wò, yóò wò ó bóyá ẹ ti sanwó, yóò wá lọ kó gbogbo ohun ìní yín nínú géèmù náà jáde látinú àká rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ náà á dínkù. Ìdí nìyí tí wákàtí àkọ́kọ́ fi máa ń burú jù. Ìdí kan náà ló sì fà á tí títẹ̀ léraléra fi ń ba nǹkan jẹ́: gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ tó wúwo yẹn tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn bá ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, èrò tí sáfà ń rí yóò pọ̀ fíìfíì ju iye tí wọ́n jẹ́ gan-an lọ.

Oṣù Kejìlá ọdún 2021

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù ni ti géèmù Final Fantasy XIV, tí ilé-iṣẹ́ Square Enix ní Japan ni. Owó oṣooṣù ni àwọn tó ń gbá a ń san. Àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Endwalker ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ 7. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀nà ti dí. Ìlà gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ lè dúró títí di àsìkò oorun kó tó kàn án, ọ̀la ó sì tún padà sídìí iṣẹ́.

Èyí tó wá bí wọn nínú jù ni Àṣìṣe 2002. Ẹni tó ti ń dúró láti wákàtí méjì yóò kàn rí i pé géèmù ti lé òun jáde. Naoki Yoshida, ẹni tó ń darí géèmù náà, jáde wá ṣàlàyé fúnra rẹ̀. Ó ní ìlà fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n: bí àwọn tó ń dúró lórí ọ̀wọ́ sáfà kan bá ti kọjá 17,000, ẹnu ọ̀nà kò ní gba ẹlòmíì mọ́. Ó tún ní bí nẹ́tíwọ̀kì ẹni tó wà lórí ìlà bá já díẹ̀, àṣìṣe kan náà lè jáde, àmọ́ bí ẹni náà bá tètè padà, ipò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Gbólóhùn yìí kan àwa tí à ń gbé Òkè-Ògùn gidi gan-an, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti lè lọ kó sì padà láàárín ìgbà tí èèyàn bu omi mu. Ẹni tí àṣìṣe náà lé jáde tó fi ìbínú pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti sọ ipò rẹ̀ nù. Ẹni tó padà wọlé lójú ẹsẹ̀ kò sọ nǹkan kan nù.

Ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ ra sáfà kún èyí tó wà. Wọn kò rí i rà. Ọdún COVID-19 ni, èròjà inú kọ̀ǹpútà wọ́n káàkiri ayé, bí èèyàn tilẹ̀ kó owó lọ́wọ́. Ní àárín oṣù Kejìlá yẹn, wọ́n ṣe ohun tí oníṣòwò kì í sábà ṣe: wọ́n dá títa géèmù náà lórí ayélujára dúró, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á padà. Wọ́n fún àwọn tó ti sanwó ní ọjọ́ 7 lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tó yá wọ́n tún fi 14 kún un.

Mo gbóríyìn fún wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé nígbà tí géèmù yìí kan náà tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lóṣù Kẹjọ ọdún 2013, irú èrò yìí náà ló ya lù wọ́n, tí wọ́n sì dá títà dúró nígbà náà pẹ̀lú. Ẹ̀sùn pé wọ́n ta kọjá agbára wọn kò wá láti ojú ọ̀run. Ilé-iṣẹ́ tó bá ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tuntun nígbà tí àwọn tó ti sanwó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà ń jẹ gbèsè, mi ò sì rí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà sọ ọ́.

“Wọn ò ṣe kúkú ra sáfà sí i?”

Ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ wá sí èèyàn lẹ́nu. Ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn tó bó ṣe ń dún. Èrò ọjọ́ àfikún kì í pẹ́ kó tó fọ́nká. Sáfà tí wọ́n bá rà torí ọ̀sẹ̀ méjì yóò máa jẹ iná àti owó ìtọ́jú fún ọdún márùn-ún. Bákan náà, irú géèmù bíi Final Fantasy XIV pín sí ọ̀pọ̀ ayé, ayé kọ̀ọ̀kan sì nílò èrò kó tó dùn, bí ọjà ṣe nílò èrò. Bí wọ́n bá ṣí ogún ayé tuntun lóṣù Kejìlá, tó bá fi máa di oṣù Kẹta, àwọn ayé kan yóò ti ṣófo, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní rí ẹni bá ṣeré.

Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n yá sáfà lò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n dá a padà tí èrò bá lọ. Ọ̀pọ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Pokémon GO, tó jáde lóṣù Keje ọdún 2016, orí sáfà Google ló jókòó lé. Google fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé èrò tó wá jẹ́ ìlọ́po 50 iye tí wọ́n fojú sùn, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po 5 ni wọ́n ti gbèrò fún pé bó bá burú, ibẹ̀ ni yóò mọ. Géèmù náà há fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń dínà. Nígbà tí Diablo III jáde lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Àṣìṣe 37 ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà títí ojú fi rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó fẹ́ dá gbá a nínú yàrá rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni pàdé pàápàá kò lè gbá a, torí ilé-iṣẹ́ Blizzard tó ni ín ti ṣe é pé dandan ni kí oníkálukú kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ sáfà wọn kọjá. Nínú gbogbo ìkùnsínú tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló tọ́ jù lójú mi. Wọn kò lè dá èrò dúró, ṣùgbọ́n àwọn ló pinnu pé kí ẹni tó ń dá ṣeré tò sórí ìlà.

Láti Ṣakí dé òkè òkun

Àárẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a máa ń fi orúkọ kan pè níbí. A ní “nẹ́tíwọ̀kì ò dáa”, ó parí. Ọ̀kan jẹ́ ti sáfà tó kún, èkejì jẹ́ ti ọ̀nà tó jìn.

Ohun tí ẹ bá tẹ̀ ní Ṣakí yóò kọ́kọ́ lọ sí òpó nẹ́tíwọ̀kì tó súnmọ́ yín. Láti ibẹ̀, yóò gba ojú afẹ́fẹ́ láti òpó dé òpó, tàbí kó gba waya abẹ́ ilẹ̀, títí yóò fi dé Ìbàdàn àti Èkó. Ní Èkó, yóò bọ́ sínú waya abẹ́ òkun: SAT-3, Glo-1, MainOne, WACS tàbí ACE, yóò sì gba inú omi lọ sí Portugal tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ sáfà tí à ń lò wà nítòsí. Bí gbogbo nǹkan bá dáa, lílọ àti bíbọ̀ láti Èkó kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ìrìn láti Ṣakí dé Èkó ló sábà máa ń fi tirẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́bàá etíkun Abidjan. Ìdààmú bá ilé ìfowópamọ́ àti nẹ́tíwọ̀kì ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí èrò tó pọ̀ jù níbì kankan. Ọ̀nà ló já.

Báwo wá ni ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe yín? Bí géèmù bá fún yín ní nọ́ńbà lórí ìlà, ọ̀nà yín dáa. Sáfà ti gbọ́ ohùn yín, ó sì ti fèsì. Èsì náà kàn jẹ́ pé kí ẹ dúró ni. Ẹ má ra dátà mìíràn torí rẹ̀, ẹ má sì pa fóònù kí ẹ tún tan án. Bí ẹ bá ti wọlé tí ẹni tí ẹ ń lé bá ń fò láti ibì kan dé òmíràn, tí ọta yín kò bá a, tí WhatsApp náà sì ń yí lójú kan, ọ̀nà ló ní àárẹ̀. Ní tàwọn tó ń sọ pé kí a lo VPN, áàpù tó ń mú kó dà bíi pé ibòmíràn ni èèyàn wà, ìyẹn kì í ṣí ìlà sáfà. Ṣe ló máa ń mú ìrìn náà gùn sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ pé wọ́n dínà mọ́ Nàìjíríà kò sì bá a mu: ẹni tí wọ́n bá dínà mọ́ kì í gba nọ́ńbà.

Kí a tún ṣọ́ra kí a má rò pé gbogbo àṣìṣe sáfà ló jẹ́ ti èrò. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, àwọn 379,997 tó ṣe ìdánwò JAMB ní Èkó àti apá Gúúsù Ìlà-oòrùn ni ọ̀rọ̀ kàn, tí wọ́n ní láti ṣètò kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ohun tí àjọ JAMB sọ pé ó fà á ni àtúnṣe kan tí kò dé àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún agbègbè wọ̀nyẹn. Èrò kọ́ ló fà á rárá.

Nígbà tí ìlà dé ọjà wa

Ẹni tí kò gbá géèmù rí ti tò sórí ìlà yìí, kódà bí kò mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó tuntun kò sì tó, gbogbo ìlú ló yà lọ sórí áàpù báńkì. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ àti ọ̀gbẹ́ni tó kó màlúù wá sọ́jà, tí wọn kò fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí, bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà. Sáfà àwọn báńkì há. Owó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tà, àwọn méjèèjì sì jókòó ti ọjà tí kò lè kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà.

Ohun kan náà ló fa ti géèmù àti ti báńkì: èrò tó ń wá díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ọjọ́ kan kó wọlé pa pọ̀, ẹni tó sì yan ọjọ́ náà mọ̀ pé òun ló yàn án. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ń dùn mí. Ẹni tó ń gbá géèmù rí nọ́ńbà tó sọ iye ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó ń darí géèmù náà kọ̀wé sí i, ó ṣàlàyé ohun tó bàjẹ́ ní èdè tó yé e, ó sì dá ọjọ́ rẹ̀ padà fún un. Ìyá eléèlùbọ́ kò rí nọ́ńbà kankan. Kò mọ̀ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ sílé.

Ìgbà tó dáa láti wọlé

Àwọn kan lè ní kí wọ́n kúkú gbé sáfà súnmọ́ wa. Lọ́jọ́ kan náà tí Square Enix tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta Endwalker ni wọ́n ṣí ọ̀wọ́ sáfà tuntun fún àwọn tó wà ní Australia àti agbègbè rẹ̀. Áfíríkà kò ní tirẹ̀ nínú géèmù náà, Yúróòpù ni a ṣì ń lọ. Àwọn géèmù mìíràn bíi Counter-Strike ní sáfà ní Johannesburg. Bí ọ̀kan bá wá sí Èkó lọ́la, ìrìn láti Ìsẹ́yìn yóò kúrú gidigidi, yíyìnbọn yóò sì yá, ṣùgbọ́n ọjọ́ àfikún yóò ṣì há, torí iye èrò kò níí ṣe pẹ̀lú bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni aago. Àkókò tiwa àti ti ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nítorí náà aago méje alẹ́ tí ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn ń jókòó sídìí géèmù, ìgbà yẹn náà ni ọmọ Jámánì àti ọmọ ilẹ̀ Faransé ń ti ibi iṣẹ́ dé. Láàárín ìrun àsùbáà sí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sùn tàbí kí wọ́n máa múra iṣẹ́. Ẹni tí kò bá pọn dandan fún láti wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì lè gbìyànjú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ìlà tó máa bá níbẹ̀ yóò kúrú púpọ̀ ju ti alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ.